Ẹ Má Da Ìrépé Aṣọ Nù: Ohun Tí Abẹ́rẹ́ Lè Ṣe Nínú Ilé

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Nígbà tí a wà ní kékeré, a rò pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Ọjọ́ tí a pín aṣọ bàbá wa tí ó ti sùn nínú Olúwa ni ọ̀rọ̀ náà tó yé wa. Agbádá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa àgbà, aṣọ òkè rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, olúkúlùkù sì mú ohun tí ó tọ́ sí i. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ti mú tirẹ̀ tán, ohun tí ó ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ àpótí ni ṣẹ́ẹ̀tì méjì tí ọrùn wọn ti gbó, bùbá kan tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti ya, àti ṣòkòtò tí ó máa ń wọ̀ lọ sí oko. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ wọn. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí a máa fi nu ilẹ̀. Ìyá wa kò dá a lóhùn. Ó ká wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì dá wọn padà sínú àpótí.

Ọ̀wọ́n òǹkàwé, a mọ̀ dájú pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí a ti ń ka ìwé yìí. Aṣọ tí kò ṣeé wọ̀ mọ́ ni ó wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ọkàn kò gbà kí a sọ ọ́ nù. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ kan tí àwọn ìyá aláwọ̀ dúdú ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi sọ irú àkísà bẹ́ẹ̀ di ohun iyì, tí wọ́n fi tu ara wọn nínú, tí wọ́n sì fi bọ́ ọmọ. Lẹ́yìn ìtàn wọn, a óò ṣàlàyé irinṣẹ́ tí ẹ nílò àti bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ nínú ilé tiyín, ì báà jẹ́ abẹ́rẹ́ ọwọ́ nìkan ni ẹ ní.

KÍ NI À Ń PÈ NÍ KÚÍLÌTÌ?

Kúílìtì ni aṣọ ìbora àránpọ̀ tí ó ní ìpele mẹ́ta. Ìpele òkè ni ojú rẹ̀, èyí tí a fi ìrépé aṣọ oríṣiríṣi rán pọ̀. Ìpele àárín ni ó ń mú ooru wá; ó lè jẹ́ òwú tí a tẹ́ pẹlẹbẹ, ó sì lè jẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì tí ó ti gbó. Ìpele ìsàlẹ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ aṣọ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn tí a bá ti tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ara wọn, a óò fi abẹ́rẹ́ gún un láti òkè dé ìsàlẹ̀ káàkiri, kí ìpele kankan má baà yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Gígún yìí gan-an ni ó sọ ọ́ di kúílìtì. Bí a kò bá ṣe é, bí a bá fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan, ohun tí ó wà láàárín yóò wọ́ jọ sí ojú kan bí ìrọ̀rí tí ó ti bàjẹ́.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà ṣe ojú rẹ̀. Èkíní ni pé kí a rán ìrépé pọ̀ mọ́ ìrépé, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, títí yóò fi gbòòrò. Èkejì ni pé kí a gé àwòrán láti ara aṣọ kan, bíi ẹyẹ, igi tàbí ènìyàn, kí a sì rán an mọ́ orí aṣọ mìíràn. Ọ̀nà kejì yìí ni ìyá tí a fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀ gbà.

ÌYÁ TÍ Ó FI ABẸ́RẸ́ SỌ ÌTÀN BÍBÉLÌ

Ní ọdún 1837, a bí ọmọbìnrin kan sínú oko ẹrú ní ìpínlẹ̀ Georgia. Harriet Powers ni orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti fi òpin sí òwò ẹrú ní ọdún 1865, òun àti ọkọ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ nítòsí ìlú Athens, wọ́n sì ń tọ́ ọmọ. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò sinmi. Ní ọdún 1886, ó gbé kúílìtì kan lọ síbi ìpàtẹ àwọn àgbẹ̀ òwú ní Athens. Àwòrán 11 ni ó wà lára rẹ̀, inú Bíbélì ni gbogbo wọn sì ti wá: Ádámù àti Éfà nínú ọgbà, Kéènì àti Ábẹ́lì, àlá Jékọ́bù, ìrìbọmi Olúwa wa, Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn, Júdásì pẹ̀lú ọgbọ̀n owó fàdákà, àti àgbélébùú.

Olùkọ́ kan tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà, Jennie Smith, rí kúílìtì náà níbi ìpàtẹ, ó sì fẹ́ rà á. Harriet Powers kọ̀. Kò sí iye tí wọn ì bá dá lé e tí yóò gbà. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin sí márùn-ún lẹ́yìn náà, nǹkan le fún òun àti ọkọ rẹ̀. Ó gbé kúílìtì náà jáde, ó ní dọ́là 10 ni òun ń tà á. Dọ́là 5 ni wọ́n fún un. Ó gbà á nítorí pé àìní kì í jẹ́ kí ènìyàn yan iye. Kí ó tó lọ, ó ṣàlàyé àwòrán kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí ó rà á, ẹni náà sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún padà lọ nígbà mélòó kan láti wo kúílìtì rẹ̀ nínú ilé onílé. Ìyá tí ó bá ti fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn nítorí àìní yóò mọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀.

Láàárín ọdún 1895 sí 1898, ó tún ṣe òmíràn tí ó ní àwòrán 15. Jóòbù wà níbẹ̀, Jónà pẹ̀lú wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni òru kan ní ọdún 1833 tí ìràwọ̀ rọ̀ bí òjò lójú ọ̀run tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ayé ti parẹ́. A kò tíì bí i nígbà náà. Ohun tí àwọn àgbà fi ẹnu sọ fún un ni ó fi abẹ́rẹ́ kọ sílẹ̀. Harriet Powers kú ní ọdún 1910. Kúílìtì méjì yìí nìkan ni a mọ̀ pé ó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀kan wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Smithsonian ní Washington, èkejì sì wà ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Boston.

ABÚLÉ TÍ ODÒ YÍ KÁ

Ní ìpínlẹ̀ Alabama, odò ńlá kan tẹ̀ kọ́ọ́rọ́ bí ìkọ́, ó sì yí ilẹ̀ kan ká ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta. Gee's Bend ni wọ́n ń pe ibẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Boykin ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba. Ní ọdún 1845, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Mark Pettway ra oko náà, ó sì kó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ẹrú wá láti North Carolina. Ẹsẹ̀ ni àwọn ẹrú náà fi rìn. Títí di òní, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ọmọ wọn ni ó ń jẹ́ Pettway, orúkọ ẹni tí ó ni àwọn baba ńlá wọn.

Òmìnira dé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Gbèsè ni wọ́n fi ń dáko, owó òwú ni wọ́n fi ń san án, owó òwú sì já wálẹ̀. Ní ọdún 1932, oníṣòwò tí wọ́n jẹ ní gbèsè kú, àwọn ẹbí rẹ̀ sì rán ènìyàn wá gba gbèsè. Wọ́n kó ẹran ọ̀sìn, wọ́n kó irinṣẹ́ oko, wọ́n kó oúnjẹ tí ó wà nínú abà. Ebi ìbá pa ọ̀pọ̀ wọn ní ọdún náà bí kò bá ṣe ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa. Pákó ni ilé wọn, afẹ́fẹ́ òtútù sì ń gba àárín pákó wọlé. Nítorí náà, kúílìtì kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ wọn. Bí ìyá kan bá ní ọmọ mẹ́jọ, ó ní láti rán kúílìtì kí òtútù má baà pa wọ́n. Kò sí owó aṣọ tuntun. Ṣòkòtò oko tí orúnkún rẹ̀ ti ya, àpò ìyẹ̀fun, àpò ajílẹ̀, ìrù ṣẹ́ẹ̀tì tí oòrùn kò pa láró: ìwọ̀nyí ni wọ́n ń gé.

Ní ọdún 1942, obìnrin kan níbẹ̀, Missouri Pettway, pàdánù ọkọ rẹ̀. Ó pe ọmọbìnrin rẹ̀, Arlonzia, ó ní kí ó wá ran òun lọ́wọ́. Wọ́n kó aṣọ iṣẹ́ ọkùnrin náà jọ, wọ́n ya á sí ìrépé, wọ́n sì rán an di kúílìtì kan. Gẹ́gẹ́ bí ọmọ náà ti sọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìyá rẹ̀ fẹ́ máa fi rántí ọkọ rẹ̀, kí ó sì máa fi ìfẹ́ rẹ̀ bora sùn. Bí a bá wo irú kúílìtì aṣọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, a lè rí ibi tí àpò ṣòkòtò ti wà rí: àwọ̀ ibẹ̀ dúdú ju ìyókù lọ, nítorí pé oòrùn kò dé abẹ́ àpò.

Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, àpótí ìyá wa ni a rántí.

NÍGBÀ TÍ ABẸ́RẸ́ DI OÚNJẸ

Ní àárín àwọn ọdún 1960, àwọn aláwọ̀ dúdú ní Alabama ń jà fún ẹ̀tọ́ láti dìbò. Àwọn ará Gee's Bend a máa wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Camden, olú ìlú àgbègbè náà. Ní ọdún 1962, ọkọ̀ náà dáwọ́ dúró, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ sì di ìrìn nǹkan bí wákàtí kan lójú ọ̀nà. Ọdún 2006 ni ọkọ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ná odò náà. Àwọn kan tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ láti dìbò pàdánù iṣẹ́, wọ́n sì lé àwọn mìíràn kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń dáko.

Ní òpin ọdún 1965, àlùfáà ìjọ Episcopal kan, Francis X. Walter, ń gba àdúgbò náà kọjá, ó sì rí kúílìtì tí wọ́n sá sórí okùn. Ẹwà wọn dá a dúró. Ó ra díẹ̀, ó sì ṣètò bí a óò ṣe tà wọ́n ní New York. Ní ọdún 1966, àwọn obìnrin náà dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní Freedom Quilting Bee. Arábìnrin Estelle Witherspoon ni ó darí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gba owó tí ó jẹ́ tiwọn gan-an. Ní ọdún 1972, ilé ìtajà ńlá Sears gbé iṣẹ́ èpo ìrọ̀rí kọ́dùrọ̀ọ̀ fún wọn. Ẹ wo ọgbọ́n wọn: wọ́n rán èpo ìrọ̀rí fún Sears, wọ́n sì kó ìrépé kọ́dùrọ̀ọ̀ tí ó ṣẹ́kù lọ sílé, wọ́n fi rán kúílìtì fún àwọn ọmọ wọn. Ẹgbẹ́ náà wà títí di ọdún 2012.

Ní ọdún 2002, wọ́n pàtẹ kúílìtì Gee's Bend ní ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá kan ní Houston, wọ́n sì gbé e lọ sí Whitney ní New York. Ní ọdún 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ mẹ́wàá nínú wọn sórí sítáǹbù lẹ́tà. Ohun tí wọ́n fi òtútù àti àìní rán ni àwọn ọ̀mọ̀wé wá ń tò sí ìlà láti wò.

IRINṢẸ́ TÍ Ẹ NÍLÒ

Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ má ṣe jẹ́ kí irinṣẹ́ dẹ́rù bà yín. Nínú ilé ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ kúkúrú tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ dára ju gígùn lọ fún gígún ìpele mẹ́ta, nítorí pé kì í tètè tẹ̀. Èkejì ni òwú ìránṣọ tí ó lágbára. Bí ẹ bá fi ọwọ́ fà á tí ó já wẹ́rẹ́, ẹ má rà á. Ẹ̀kẹta ni sísọ́ọ̀sì mímú. Ẹ ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún aṣọ nìkan, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi gé pépà, nítorí pépà a máa mú kí ẹnu rẹ̀ kú. Ẹ̀kẹrin ni rúlà àti ṣọ́ọ̀kì. Ẹ̀karùn-ún ni áyọ́ọ̀nù. Ẹ̀kẹfà ni pínnì. Ẹ̀keje ni fìlà irin kékeré tí àwọn aránṣọ ń fi sí orí ìka àárín, kí ìdí abẹ́rẹ́ má baà gún un.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìránṣọ, ó dára. Bí ẹ kò bá ní, ẹ má bínú. Harriet Powers lo ọwọ́, ó sì lo ẹ̀rọ. Ọ̀bẹ kan tún wà tí ẹnu rẹ̀ rí roboto bí kẹ̀kẹ́, tí a ń yí lórí aṣọ. Ilé iṣẹ́ Olfa ti Japan ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1979. Ó lè gé ìpele aṣọ mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ó ní láti ní àkéte tirẹ̀ lábẹ́, ó sì mú bí abẹ fẹ́lẹ́. Ẹ máa bò ó ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé e sílẹ̀, ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó o.

Ní ti aṣọ, ẹ lọ bá ìyá aránṣọ tí ó wà ní àdúgbò yín. Ìrépé ańkárá tí ó ń gbá dànù lálẹ́ ọjọ́ Sátidé tó láti rán kúílìtì ọmọ ní oṣù kan. Ẹ kan máa ṣọ́ra kí ẹ má da aṣọ tí ó ń nà pọ̀ mọ́ aṣọ tí kì í nà.

BÍ A ṢE Ń ṢE É: KÚÍLÌTÌ ỌMỌ KAN

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí tí kò tóbi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá parí rẹ̀, yóò jẹ́ íǹṣì 36 ní ìbú àti íǹṣì 42 ní gígùn.

1. Ẹ fọ gbogbo aṣọ náà, ẹ sá a, ẹ sì lọ̀ ọ́. Olúwa wa fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú òwe rẹ̀ pé kò sí ẹni tí í fi ìrépé aṣọ tuntun tí a kò tíì fọ̀ lẹ ẹ̀wù tí ó ti gbó, torí yóò mú kí yíya náà burú sí i. Àwọn tí wọ́n gbọ́ ọ nígbà náà mọ̀ pé aṣọ tuntun a máa sún kì nígbà tí omi bá kàn án.

2. Ẹ yẹ aró wò. Ẹ fi omi ra igun aṣọ kọ̀ọ̀kan, ẹ sì fi aṣọ funfun tẹ̀ ẹ́. Bí àwọ̀ bá jáde, ẹ tún un fọ̀ títí kò fi ní jáde mọ́.

3. Ẹ gé ìrépé 42, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 6½ ní ìbú àti ní gígùn. Ẹ fi páálí gé ìwọ̀n kan, kí ẹ sì máa gbé e lé aṣọ. Ìwọ̀n gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ìrépé kan bá fi díẹ̀ tóbi ju èkejì, nígbà tí ẹ bá fi máa dé ìlà kẹta, gbogbo rẹ̀ yóò ti wọ́.

4. Ẹ tò wọ́n sí ilẹ̀ kí ẹ tó rán ohunkóhun: mẹ́fà ní ìbú, méje ní gígùn. Ẹ dìde, ẹ rìn sẹ́yìn, kí ẹ sì wò ó láti òkèèrè. Ẹ fi aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó ṣókùnkùn. Ẹ pe àwọn ọmọ wá kí wọ́n bá yín yàn. Ojú wọn mú.

5. Ẹ rán ìlà kọ̀ọ̀kan pọ̀, kí ojú ìrán jìnnà sí etí aṣọ ní ìdámẹ́rin íǹṣì. Bí ẹ bá mú ìdámẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, íǹṣì 6½ yóò di íǹṣì 6 gééré. Ẹ lọ etí ìlà kìíní sí apá ọ̀tún, ti ìlà kejì sí apá òsì, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe é lọ, kí igun lè pàdé láìwú. Lẹ́yìn náà, ẹ rán àwọn ìlà méje náà pọ̀ mọ́ ara wọn.

6. Ẹ tẹ́ aṣọ ẹ̀yìn sílẹ̀, kí ojú rẹ̀ kọ sí ilẹ̀. Kí ó fi íǹṣì méjì tóbi ju ojú lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, èyí ni 40 sí 46. Ańkárá tí ó gùn tó yáàdì kan àti ìdámẹ́ta yóò tó o. Ẹ tẹ́ ìpele àárín lé e, kí ẹ sì tẹ́ ojú lé gbogbo rẹ̀. Ẹ fi pínnì tí a fi ń de ìlédìí ọmọ dè é pọ̀, láti àárín lọ sí etí, kí ó má baà ká jọ.

7. Ẹ gún un. Láti àárín náà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa máa ń gún ojú abẹ́rẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá sínú íǹṣì kan. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ má wò wọ́n. Ojú abẹ́rẹ́ márùn-ún tí ó dọ́gba dára ju mẹ́wàá tí ó ń ṣe ségesège lọ. Bí èyí bá sì ṣòro, ẹ fi òwú nípọn so ó ní kókó méjì ní gbogbo íǹṣì mẹ́rin mẹ́rin, ó tó.

8. Ẹ gé etí rẹ̀ kí ó tọ́, kí ẹ sì fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ oníǹṣì 2½ tí a ṣẹ́ po bò ó yíká. Mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó íǹṣì 44 yóò yí i ká, yóò sì ṣẹ́kù.

A ní ìkìlọ̀ kan fún ẹ̀yin ìyá ọmọ: àwọn dókítà kò fẹ́ kí a máa fi aṣọ ìbora bo ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan nígbà tí ó bá ń sùn, nítorí ó lè bo imú rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ó máa ṣeré lórí rẹ̀ lójú yín, ẹ má sì rán bọ́tìnnì mọ́ ọn.

Ẹ JỌ JÓKÒÓ ṢE É

Ní Amẹ́ríkà, láti ayébáyé, ẹnì kan lè dá rán ojú kúílìtì nínú ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan gígún, yóò ránṣẹ́ sí àwọn aládùúgbò. Wọn yóò na kúílìtì náà sára férémù onígi, obìnrin mẹ́fà tàbí mẹ́jọ yóò jókòó yí i ká, wọn yóò máa gún, wọn yóò máa kọrin, wọn yóò máa gbàdúrà. Ní Gee's Bend, ọ̀pọ̀ orin ẹ̀mí ni àwọn ọmọdé kọ́ láti abẹ́ férémù, níbi tí wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún àwọn àgbà. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin rere, ǹjẹ́ kò yẹ kí irú rẹ̀ wà láàárín wa? Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Project Linus bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1995. Kúílìtì àti búláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ tí ó ń ṣàìsàn tàbí tí wọ́n wà nínú ìpọ́njú. Nínú ìjọ kan, kí arábìnrin kọ̀ọ̀kan mú ìrépé mẹ́ta wá, arábìnrin 14 ti mú 42 wá nìyẹn, kúílìtì kan ti pé. Ẹ lè fún ilé ọmọ aláìlóbìí. Ẹ lè fún ìyá tí ó bímọ tí kò ní ohun tí yóò tẹ́ ọmọ sí. Ẹ sì lè kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin, kí ó di ohun tí wọn yóò máa tà. Bí ẹ bá sì tà á, ẹ ka wákàtí tí ẹ fi ṣe é mọ́ owó rẹ̀, kí ẹ má baà ta iṣẹ́ oṣù kan ní iye owó òwú. Dọ́là 5 Harriet Powers kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́kàn wa.

ÀPÓTÍ ÌYÁ WA

Ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí a gbọ́ ìtàn Missouri Pettway, a bẹ ìyá wa kí ó ṣí àpótí náà. Ó wo wá fún ìgbà pípẹ́, ó sì gbà. A gé ṣẹ́ẹ̀tì méjèèjì, a gé bùbá, a gé ṣòkòtò oko. Nítorí pé kò tó, ìyá wa mú àdìrẹ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó ní kí a fi kún un. Ìkánjú mú wa. A kò fọ àdìrẹ náà, a kò yẹ aró rẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ni a rán an sí ẹ̀gbẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun bàbá wa. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a fọ kúílìtì náà, aró ṣàn, ṣẹ́ẹ̀tì funfun sì di aláwọ̀ búlúù. Ojú tì wá. A ní a óò tú ibẹ̀, a óò sì fi aṣọ mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Ìyá wa ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún mélòó ni aṣọ mi àti aṣọ bàbá yín fi wà nínú àpótí kan náà?"

A kò tú u. Orí ibùsùn rẹ̀ ni ó wà di òní, òun ni ó sì ń fà bora nígbà ọyẹ́.

Nínú ìwé Ìṣe Àwọn Àpósítélì, orí 9, a kà nípa Tàbítà ará Jọ́pà, tí a tún ń pè ní Dọ́káàsì. Nígbà tí ó kú, àwọn opó dúró ti Pétérù, wọ́n ń sọkún. Wọn kò sọ nípa owó rẹ̀ tàbí ilé rẹ̀. Ẹ̀wù àti aṣọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán fún wọn nígbà tí ó wà láyé ni wọ́n ń fi han Pétérù. Ọlọ́run gbọ́, ó sì jí i dìde. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: bí wọ́n bá dúró ti ibùsùn wa lọ́jọ́ kan, kí ni ẹnì kan yóò gbé lọ́wọ́ láti fi hàn?

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọmọbìnrin, àti ẹ̀yin bàbá tí abẹ́rẹ́ kò tì lójú, ẹ ṣí àpótí yẹn ní ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀. Ìrépé kan ni kí ẹ kọ́kọ́ gé. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn yóò tọ̀. Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín, kí ó sì fi ìtùnú bo gbogbo ilé tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀. Àmín.